Ìlú Tí Mo Kà Lára Páálí Ìṣáná

Òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ló jí mi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ mú gan-an ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ètè gbogbo wa ti bó, ẹní tí mo sùn lé tutù bí òkúta odò. Mi ò tíì lajú tí mo fi gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni òórùn tó ń ta nímú bí imí ọjọ́ inú Bíbélì wọlé bá mi. Mo mọ̀ pé nǹkan ti yí padà nílé wa, torí ó ti lé lóṣù kan tí ẹnikẹ́ni ti ṣáná kẹ́yìn ní agboolé náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ìgbà yẹn. Ìgbà tí mílíìkì, ọṣẹ àti ìṣáná di ohun tí à ń tò fún látàárọ̀ dọ̀sán. Ẹni tó bá ní ìṣáná á fi sínú agolo, á fi agolo sínú àpótí, á wá jókòó lé àpótí. Àwa tó kù padà sí fífọnná bíi ti àwọn ìyá ńlá wa. Àwa ọmọdé ni wọ́n ń rán. A ó gbé àpáàdì lọ́wọ́, a ó lọ kí ẹni tí iná rẹ̀ kò kú mọ́jú, a ó bu ẹyín iná méjì mẹ́ta, a ó máa sáré bọ̀, a ó máa fẹ́ ẹ lẹ́nu kó má baà kú lọ́nà. Ojú mi pọ́n ní gbogbo ọyẹ́ yẹn, eérú ló fà á.

Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń rò tà. Ẹlẹ́kọ kò lè dúró de iná aládùúgbò, nítorí àwọn oníṣẹ́ igi ti ń kọjá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Síbẹ̀, bí iná rẹ̀ bá wà, kò sẹ́ni tó wá fọnná lọ́dọ̀ rẹ̀ tó padà lọ́wọ́ òfo. Ó máa ń sọ pé, "A kì í fi iná du èèyàn. Ẹni tó ní in lónìí lè máa gbé àpáàdì kiri lọ́la."

Bàbá mi ń la pákó. Kí n má tan yín, kò sẹ́ni tó mọ igi tó o ní gbogbo àdúgbò wa, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlagi pàápàá ń ránṣẹ́ pè é. Ẹ di ojú rẹ̀, ẹ bu ìyẹ̀fun ayùn sí i lọ́wọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Arère ni," tàbí "Afàrà ni, ó sì ti pẹ́ nínú omi." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ojú tó máa ń rí iṣẹ́ kedere. Lọ́jọ́ tó ṣáájú òwúrọ̀ tí mò ń wí yìí, oníbàárà rẹ̀ kan láti Èkó fi ìṣáná ta á lọ́rẹ nítorí pákó tó là fún un gún régé. Méjìlá ni, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ ojú ọ̀run wé pọ̀. Ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà náà àfi bí ẹ bá wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ. Bàbá mi jókòó lórí ìtì igi, ó mú igi ìṣáná kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i. Ó kán an. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi eyín tọ́ ọ wò.

"Irú ayùn wo ló la eléyìí?" ló bi ara rẹ̀. "Kò ní eérún. Wọn ò sì fá a."

Ìyá mi ní, "Igi wo ni?"

Ó tún un yí lọ́wọ́. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì tún gbọ́ ọ mọ́ títí ó fi kú. Bóyá ohun tó mú inú rẹ̀ korò láàárọ̀ yẹn nìyẹn, torí bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé mi ló dá sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ìwé kẹta ni mo wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kí n wá kọ́ ayùn, pé ọmọ tí kò níí mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó tètè mọ igi. Ìyá mi ló ń dì í mú. Ìyá mi ò mọ "a" yàtọ̀ sí "ọ̀pá", àmọ́ ó gbà pé mo mọ̀wé.

"Ó mọ̀ ọ́n kà," ló wí, ó ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Bàbá mi ju páálí ìṣáná kan sí mi. "Ó dáa. Jọ́ọ̀nù, ka ohun tó wà lára rẹ̀. Bí o bá kà á, o dúró sílé-ìwé. Bí o kò bá lè kà á, ní Mọ́ńdè o bá mi lọ síbi ayùn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀wé sí. Nínú kíláàsì wa, bó bá di Yorùbá kíkà, èmi ni ọ̀gá. Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lára páálí náà, wẹ́wẹ́ bí èèrà, àmọ́ ọ̀kan tóbi ju gbogbo wọn lọ: *Jönköping*. Mo wò ó títí. Tíṣà wa ti kọ́ wa ní àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà àti ohùn sí òkè, ṣùgbọ́n "o" tó ní ẹ̀kán méjì lórí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo bá rò ó pé bí ẹ̀kán bá jẹ́ méjì, a jẹ́ pé "o" jẹ́ méjì. Ọ̀rọ̀ ti ń là. Jọ́ọ̀n. Orúkọ mi nìyẹn, èyí tí wọ́n sọ mí níbi ìsàmì létí omi. Kó o. Pín in. "G" tó wà lẹ́yìn ò rí iṣẹ́ ṣe, mo fi í sílẹ̀ kó máa sùn.

Mo na àyà, mo sì kà á sókè débi pé àwọn tó ń gbálẹ̀ lápá kejì gbọ́: "Jọ́ọ̀nù, kó o pín in."

Ìyá mi dá ọmọrogùn dúró nínú ìkòkò. Bàbá mi ní, "Tún un kà." Mo fi ìka tọ́ ọ fún wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo tún un kà. Ó jẹ́ ohun kan náà.

"Páálí òyìnbó mọ orúkọ ọmọ mi," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò pariwo. Ó nu ọwọ́, ó so ìró rẹ̀ le, ó wọlé lọ gbé gbogbo ìṣáná tó kù jáde. Bàbá mi ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó kà á." Ó pe gbogbo àwọn obìnrin agboolé jọ, ó tì mí síwájú, ó ní, "Wọ́n ní kí Jọ́ọ̀nù pín in." Èmi náà pín in. Páálí kan sí ojúlé kan, títí tó fi ku méjì fún wa. Àwọn obìnrin tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí ń kí mi bí ẹni ń kí àgbà. Ìyá Rísí, tí òun àti ìyá mi ò tíì kíra láti ìgbà òjò nítorí adìẹ, fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, Ìyá Jọ́ọ̀nù." Mi ò rò pé mo tíì tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ̀ pé mo ti tóbi.

Ọ̀sán ló bà á jẹ́. Tíṣà kan háyà yàrá iwájú ní agboolé wa, ìwé karùn-ún ló ń kọ́. Ó ti ilé-ìwé dé, wọ́n gbé ìṣáná tirẹ̀ fún un, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ìyá mi sì ní láti sọ bí páálí ṣe pe ọmọ òun lórúkọ, kò lè pa á mọ́ra. Tíṣà wo páálí, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

"Orúkọ ìlú ni," ló wí. "Ìlú kan ní Sweden, níbi tí wọ́n ti ṣe é. Kò pe ẹnikẹ́ni."

Ìyá Rísí wà nítòsí, ó gbọ́. Ó ní, "Háà, Jọ́ọ̀nù. Páálí ò tiẹ̀ mọ̀ ẹ́ rí." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo sá lọ sẹ́yìn àdìrò, mo fi orí sáàárín orúnkún, mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi.

"Lọ gba ìṣáná mi padà. Ní Mọ́ńdè, ó ń bá mi lọ."

Ìyá mi ò gbéra. Ó bi Tíṣà léèrè, "Ṣé ó kà á àbí kò kà á?"

"Ó kà á, Mà. Àmọ́ Yorùbá ló fi kà á."

"Èdè wo ni mo bí i sí?"

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rántí pé ó fa àga, ó jókòó ti bàbá mi, ó sì sọ̀rọ̀ fún un bí ọkùnrin ṣe ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. "Bàbá Jọ́ọ̀nù, ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mò ń kọ́ dàgbà ju ọmọ yìí lọ. Bí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀, wọ́n á dákẹ́ ni, wọ́n á máa wo ilẹ̀. Eléyìí ò dákẹ́. Ó wá ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá."

"Ọ̀nà tó ṣì," ni bàbá mi wí.

Ìyá mi ló fún un lésì. "Ẹni tó ṣìnà ti kúrò nílé." Ó wá fi kún un pé ohun tí ọmọ òun kà ni òun ṣe, òun ò sì ní lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni gba iná padà.

Bàbá mi yí igi ìṣáná tó kán láàárọ̀ mọ́ àárín ìka, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Kó ka ìwé mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, igi." Bó ṣe wí náà ló rí. Mo ka ìwé mẹ́fà pé, mo lọ síbi ayùn, láti ibẹ̀ mo lọ sí Èkó, láti Èkó mo dé ibí. Ọdún mẹ́ta tó kù yẹn ni mo fi mọ ìwé tí mo fi ń kọ èyí tí ẹ ń kà. Kò sẹ́ni tó bá mi tún un kọ. Bí àmì bá ṣì, ẹ fi orí jì mí, bí ìtàn bá dùn, ẹ yìn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí mọ̀ pé mi kì í fi iṣẹ́ mi pamọ́. Ọdún kẹtàlélógún rè é tí mo ti ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù wúwo, ní River Road, mi ò fi kan ògiri rí. Àwọn tó jáde yunifásítì, èmi ni wọ́n ń fà wọ́n lé lọ́wọ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé bí wọ́n bá gbé bébà Gẹ̀ẹ́sì gígùn wá síwájú mi níbi iṣẹ́, màá ní jígí tí mo fi ń kàwé wà nílé. Jígí yẹn wà nílé fún ọdún mẹ́tàlélógún. Nílé, Fúnmi ọmọ mi ló ń ka lẹ́tà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbàkígbà tí wọ́n bá yàn mí láti ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ọmọ, ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí láti Sátidé.

Fúnmi yìí ló wá gba ànfààní láti lọ kàwé fún ọdún kan ní Sweden. Ó pe orúkọ ìlú náà fún mi lórí fóònù, ó ní "Yọ̀nṣọ̀pin." Mo ní Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ̀, mi ò ro nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní ọjà Vicarage Field, mò ń ra báàgì ìrìnàjò fún un, ó fi àdírẹ́sì ibi tó máa gbé ránṣẹ́. Mo rí ẹ̀kán méjì lórí "o". Mo rí i lẹ́ẹ̀kejì nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Mo jókòó lórí báàgì tí mi ò tíì sanwó rẹ̀. Obìnrin tó ń tajà bi mí pé ṣé ó rẹ̀ mí. Mo ní rárá o, ìlú mi ni mo rí.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìlú náà dára. Adágún omi kan ló dúró tì, omi náà gùn débi pé ojú ò rí òpin rẹ̀, ó sì mọ́ débi pé Fúnmi bu ú mu lójú mi. Mo jágbe mọ́ ọn kí èmi náà tó bu ú mu. Ilé ìsìn pọ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé Jerúsálẹ́mù ni wọ́n fi ń ṣàwàdà pe ìlú náà. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ní ṣe àjèjì. Wọ́n ní nígbà kan tí ogun ń bọ̀, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló fi iná sun ilé wọn kí ọ̀tá má baà rí ibi wọ̀, wọ́n wá tún un kọ́ sápá ibòmíì. Ìlú tó sun ara rẹ̀ ló padà wá ń ta iná fún gbogbo ayé. Ní ìlú kékeré kan lápá òkè, létí omi kan náà, súìtì pupa òun funfun ni wọ́n ń yí lọ́wọ́ lójú ẹni, opó kan tó ní ọmọ láti tọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ra púpọ̀. Mo ronú nípa obìnrin kan tó ń ro ẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo torí ẹ̀ lọ ni ilé iṣẹ́ ìṣáná àtijọ́, tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Obìnrin tó ń mú àwọn èèyàn káàkiri fi hàn wá bí wọ́n ṣe mú májèlé tó ń jẹ egungun àgbọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lórí igi ìṣáná, tí wọ́n fi nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ páálí, tó fi di pé kò ní jó àfi bí èèyàn bá ṣá a síbẹ̀. Ó fi àwòrán àwọn ìyá àti ọmọ hàn wá, wọ́n ń lẹ páálí nínú ilé wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìka ọmọ kò ju ìka tèmi ọjọ́ yẹn lọ. Ti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa ni, páálí tèmi kọ́, àmọ́ mo dúró níwájú àwòrán náà pẹ́.

Ó wá kan ẹ̀rọ. Ayùn kọ́ ni wọ́n fi ń là á rárá. Ìtì igi náà ló ń yí, ọ̀bẹ gígùn kan á máa bó o yípo bí ẹni bó ọsàn, igi á máa jáde pẹlẹbẹ bí aṣọ, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́. Igi wọn ni, kò hù nílẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní eérún. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi ò fi mọ̀ ọ́n. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nínú ilẹ̀, èmi nìkan ló kù tí mo mọ̀ pé ó béèrè.

Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Mo ní kó dúró.

"Dádì, ó gùn o."

"Mo rí i pé ó gùn."

Mo fi ìka sí i, mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó méjì tó wà lẹ́yìn wa dúró, wọ́n tún dúró, wọ́n yí gba ibòmíì. Mo kọsẹ̀ níbi mẹ́rin. Fúnmi tún un ṣe níbi méjì, níbi méjì tó kù ó fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó di apá mi mú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún yàn mí láti ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún wòlíì wa pé mò ń bọ̀. Ìwé Dáníẹ́lì ni. Ọkàn mi lù ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun fọ́kílíìfù lọ. Nígbà tí mo dé orúkọ ọba Bábílónì, Yorùbá ni mo fi pè é láàárín Gẹ̀ẹ́sì, Nebukadinésárì, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn ọmọ tó wà lápá òsì rẹ́rìn-ín. Ooru mú mi létí, mo sì mọ ooru náà, mo mọ ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ní ilé, mo ní ọmọ tó kàwé ní ìlú mẹ́ta, mo lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù méjì gba ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ẹrù náà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ò ní nǹkan kan, eérú wà lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó sàn jù mí lọ fún ọdún mẹ́tàlélógún gbáko, nítorí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ síwájú rẹ̀, kò ní ọ̀fun ń dun òun. Ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró tì í, ó sì la ẹnu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà níbi tó wà. Mo gbé ojú sókè wo àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, mo dúró kí wọ́n rín in tán, mo sì ka ẹsẹ tó kàn.